Sinimá Àdúgbò: Ilé Ti Lọ, Ìpéjọ Ló Yẹ Kó Padà

"Pen Cinema wà o!" Bí èrò inú ọkọ̀ bá ké báyìí ní Agége, kò sẹ́ni tí yóò rò pé ó fẹ́ lọ wo fíìmù. Oríta ni Pen Cinema lóde òní. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, afárá tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ṣí ní oṣù kejì ọdún 2021 sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ilé sinimá tó fún oríta náà lórúkọ ti kógbá sílé tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níbẹ̀ rí láti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Scala àti Odeon n'Ìbàdàn. Rex, Regal, Royal, Casino àti Plaza l'Ékòó. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún mọ orúkọ wọ̀nyí bí ẹní mowó. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì ti wó òmíràn lulẹ̀ láti fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Kí ló wá kan ará ìlú kékeré bí Odò-Ọwá-Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn án gan-an ni. Fún àwọn ìlú kéékèèké lápá Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ojú títì ni sinimá ń gbà wọlé nígbà náà. Ọkọ̀ ló ń gbé e wá, gbọ̀ngán ìlú tàbí ọgbà ilé ìwé ló ń gbà á lálejò, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ tán kó tó tún gba ìlú mìíràn lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó sọnù nígbà tí ilé sinimá kú, àwọn ìlú tó jẹ́ pé èèyàn nìkan ni wọ́n fi ń ṣe sinimá, láìní ilé kankan fún un, ló lè fi yé wa jù.

Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, ní gbọ̀ngán Glover Memorial Hall. Ilé iṣẹ́ Balboa láti ìlú Barcelona ní Sípéènì ló gbé e wá, Herbert Macaulay, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí olóṣèlú lẹ́yìn náà, ló sì bá wọn ṣètò rẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń wọlé, àwọn ọlọ́lá ìlú sì pọ̀ nínú àwọn tó lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, sinimá kò kúrò ní fàájì àwọn ará Èkó.

Àrùn ló sọ ọ́ di ti ará oko. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. William Sellers, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìlera níbẹ̀, rí i pé ìwé ìkìlọ̀ kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tó ń rìn kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè lé eku jìnnà sílé. Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ láti máa polongo ogun ní Áfíríkà, Sellers yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ọkọ̀ sinimá tó ti ń lò bọ̀ ni iṣẹ́ náà sì tẹ̀ síwájú lé lórí: inú rẹ̀ ni pùrójẹ́kítọ̀ wà, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ funfun àti gbohùngbohùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà náà rán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láti sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ará ìlú, ní àsìkò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955.

Ẹni tó ṣe pàtàkì jù nínú ọkọ̀ náà ni ògbufọ̀. Fíìmù ń sọ èdè òyìnbó, tàbí kó má sọ̀rọ̀ rárá. Òun ni yóò di gbohùngbohùn mú, tí yóò máa túmọ̀ ohun tí ojú ń rí. Bó bá dé Èkìtì, tó bá jẹ́ èdè Èkó nìkan ló gbọ́, àwọn àgbà yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí. Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ a máa dárúkọ oúnjẹ ìlú náà, a máa fi odò wọn ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọn àti omi ìdọ̀tí á wá dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lágboolé lánàá.

Àárín òpó méjì ni wọ́n ń ta aṣọ funfun náà sí. Àwọn ọmọdé ń jókòó sórí ilẹ̀ níwájú, àgbàlagbà ń gbé àga tirẹ̀ láti ilé. Ẹni tí kò rí àyè a bọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa wo àwòrán kan náà ní òdìkejì, tí ọwọ́ ọ̀tún àwọn tó wà nínú rẹ̀ di ọwọ́ òsì. Ẹlẹ́pà àti olóòrì ti pa àtùpà wọn pọ̀ sí ìdí igi. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀.

Ní ìlú ńlá, ilé tí kò ní òrùlé ní àárín ni ọ̀pọ̀ sinimá, bí òjò bá sì dé, oníwòran á sá sí abẹ́ páànù ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn ará Lẹ́bánónì ló ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ ohun tó ń fa èrò. Fíìmù kọ́bọ́ì láti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbòde. Ti Íńdíà, irú Mother India tó jáde ní 1957, sì bá àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Hindi lára mu. Lẹ́yìn náà ni Bruce Lee dé pẹ̀lú Enter the Dragon ní 1973, káràtè sì gba ìgboro kan. Aktọ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tí fíìmù dá lé lórí, bọ́ọ̀sì sì ni olórí àwọn ọ̀tá rẹ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ̀ pé aktọ̀ kì í kú. Bí bọ́ọ̀sì bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn aktọ̀, ilé á gba ariwo: "Wẹ̀yìn ẹ o!"

Lókè, nínú yàrá kékeré tó gbóná bí ààrò, ni ọ̀pérétọ̀ wà. Àwòrán 24 ló ń gba iwájú iná kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, róòlù ńlá kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìdí nìyí tí sinimá tó tó bẹ́ẹ̀ fi ń ní pùrójẹ́kítọ̀ méjì: bí èkíní bá ń parí lọ, èkejì gbọ́dọ̀ ti ṣetán láti gbà á, kí oníwòran má baà mọ̀. Bí fíìmù bá já, tàbí tí NEPA bá mú iná lọ, ọ̀pérétọ̀ ni gbogbo èébú ń lọ bá. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé.

Ìgbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá ni ọjọ́ sinimá wá dùn. Francis Ọládélé ti ṣe agbátẹrù Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká ní 1970, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní 1976, Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún, níbi tí Dúró Ládípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Love, ti kópa. Ìjà Òmìnira tẹ̀lé e, láti inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí. Hubert Ògúndé, tó ti ń ṣe tíátà láti àwọn ọdún 1940, gbé Ayé jáde, ó sì fi Jáyésinmi tẹ̀lé e. Ní 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣe Ọ̀run Móoru.

Àwọn wọ̀nyí kò jókòó de ilé sinimá. Àwọn tó ń pín fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ti gba ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán mọ́ ara wọn lọ́wọ́, onífíìmù sì ń bẹ̀rù kí ẹ̀dà rẹ̀ má bọ́ sọ́wọ́ olè. Ẹ̀dà fíìmù àti gbogbo ohun èlò rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ tí wọ́n á sì máa tẹ̀ lé e fúnra wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ti fi eré orí ìtàgé là náà ni wọ́n tún ń tọ̀, títí kan èyí tó gba Ẹ̀fọ̀n àti Arámọ̀kọ lọ sí Adó-Èkìtì. Wọ́n á háyà gbọ̀ngán, wọ́n á fi gbohùngbohùn kéde yí ìlú ká ní ọ̀sán, ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀.

Gbèsè ńlá ló wà lẹ́yìn ìdùnnú náà. Bàbá Sàlá yáwó ṣe Ọ̀run Móoru. Kó tó rí èrè rẹ̀, àwọn kan ti ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á kiri. Ìdàmú yẹn kò tán lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tún ṣe fíìmù lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ àdánù ìgbà náà ni gbogbo àwọn òṣèré ń fi ṣe àríkọ́gbọ́n títí ó fi kú ní ìlú Iléṣà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Ohun tó pa ilé sinimá pọ̀. Òkèèrè ni wọ́n ti ń ra fíìmù tí a kò tí ì yà, òkèèrè náà ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tí ọdún 1986 fi máa parí, lẹ́yìn tí ìjọba gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, kalẹ̀, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ, ó sì ń gòkè sí i. Ẹ̀rọ fídíò ti wọ iyàrá àwọn olówó, àwọn olè sì ti sọ òru di ohun tí ọlọ́mọ ń bẹ̀rù. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn òṣèré Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ya eré sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á ní Ìdúmọ̀tà, ẹbí kan sì lè wò ó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ọ̀pérétọ̀ kò ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Eré kò kú o. Fídíò tún sọ ọ́ di púpọ̀ sí i. Ohun tó bàjẹ́ ni jíjókòó pọ̀ pẹ̀lú ẹni tí a kò mọ̀, kí ọmọ onílé àti ọmọ ayálégbé jọ pariwo fún aktọ̀ kan náà, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ bú sẹ́rìn-ín nígbà kan náà. Àwọn fíìmù náà fúnra wọn sì wà nínú ewu, nítorí ooru ń jẹ fíìmù bó ṣe ń jẹ oògùn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà pé Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti sọnù, kí wọ́n tó rí i nínú ilé àkójọpọ̀ fíìmù ìjọba ní Jos, tí wọ́n sì tún un ṣe ní Jámánì. Ó padà sójú ayé ní ìlú Berlin ní 2018. Àwọn fíìmù Yorùbá ìgbà náà yẹ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Sinimá ti padà sí ìlú ńlá. Silverbird ṣí tirẹ̀ l'Ékòó ní 2004, àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní 2022, Àgẹ̀ṣinkólé ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, tó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, pa ju mílíọ̀nù 300 náírà lọ. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Ṣùgbọ́n inú ilé ìtajà ńlá ni àwọn sinimá wọ̀nyí wà. Owó ọkọ̀ ará Odò-Ọwá dé irú ibẹ̀ lè ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Àwọn ibòmíràn ní Áfíríkà ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Mahamat-Saleh Haroun, ọmọ Chad, gba ẹ̀bùn ní Cannes ní 2010, ìjọba wọn tún sinimá Normandie ṣe ní N'Djamena, wọ́n sì ṣí i ní 2011. Ní Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso, Berni Goldblat, tó jẹ́ onífíìmù, kó àwọn èèyàn jọ láti tún Ciné Guimbi kọ́, wọ́n sì rówó lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Èkìtì kò nílò ilé tuntun kó tó bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngán ìlú wà, ọgbà ilé ìwé wà, pùrójẹ́kítọ̀ òde òní sì kéré débi pé èèyàn kan lè gbé e lápá. Ohun tó ṣòro ni ètò: àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù, ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó máa dúró tì í, kí iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà má ju agbára ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé kan lóṣù ní Odò-Ọwá, Ìjerò àti Arámọ̀kọ lè pín àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù láàárín ara wọn, kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè kárí wọn.

Iṣẹ́ kejì kò lè dúró. Àwọn ògbufọ̀ ọkọ̀ sinimá, àwọn ọ̀pérétọ̀, àti àwọn tó ń kéde fíìmù yí ìlú ká ti di arúgbó. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní tíátà àti iṣẹ́ ìròyìn. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bá gba ìtàn àwọn àgbà wọ̀nyí sílẹ̀ ní ohùn àti ní àwòrán, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ní èdè Èkìtì gan-an, ìtàn náà gan-an ni yóò jẹ́ fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé wá sí gbọ̀ngán Odò-Ọwá.