Àwòṣe Ọkọ̀ Òfuurufú Ajagun: Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Ìwọ̀n, Ike àti Ìsopọ̀

Ọmọdé tí wọ́n tọ́ ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀ kì í pẹ́ mọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara bàálù. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí Máfolúkù àti Àjàó Estate, nítorí náà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí apá, ìrù, ẹsẹ̀ àti táyà ọkọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n sì ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì wọn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá gbé àpótí páálí kan ka iwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí bàálù kan wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀yà ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí kò tí ì so pọ̀, tí ó sì ní kí ó fi èdè Yorùbá sọ bí yóò ṣe tò ó, ọ̀rọ̀ yóò tètè tán lẹ́nu olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìtọ́nà tí ó wà nínú àpótí náà kì í ní Yorùbá. Iṣẹ́ náà sì kún fún ẹ̀kọ́ ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ohun èlò àti ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà, èyí tí ó mú un yẹ fún kíláàsì.

Ọkọ̀ tí a óò fi ṣe àpẹẹrẹ ni Hawker Hurricane, ọkọ̀ ajagun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kọkànlá ọdún 1935. Ilé-iṣẹ́ Airfix gbé àwòṣe rẹ̀ ńlá jáde ní 1973, lẹ́yìn tí ó ti ṣe ti Spitfire ní 1970. Ìdí pàtàkì kan wà tí ó fi yẹ kí ará Èkó mú Hurricane ju èkejì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ Ítálì wọ inú Ogun Àgbáyé Kejì ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ọ̀nà Òkun Mẹditaréníà di eléwu, ọkọ̀ ajagun kékeré kò sì lè gbé epo tí yóò gbé e láti Gẹ̀ẹ́sì dé Íjíbítì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tú àwọn Hurricane sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó wọn sínú àpótí pákó, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Takoradi ní Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní 1957. Àwọn àpótí àkọ́kọ́ dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n padà, tí àwọn awakọ̀ sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kánò, Màídúgùrì àti Kàtúùmù lọ sí Káírò, ìrìn àjò tí ó tó nǹkan bí 3,700 máìlì. Ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà yìí kí ogun tó parí lé ní 5,000. Hurricane tí ó kọjá lójú ọ̀run Èkó nígbà náà ti inú àpótí jáde, gẹ́gẹ́ bí àwòṣe rẹ̀ ti ń ti inú àpótí jáde.

Ọ̀rọ̀ náà “àwòṣe” fẹ́ àlàyé díẹ̀. Àwọn kan ń lo “ère”, ṣùgbọ́n ère kò fi dandan ní ìwọ̀n: agbẹ́gilére lè mú kí orí ère tóbi ju bí orí ènìyàn ti rí lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé ó ṣìṣe, nítorí pé orí ní ipò tirẹ̀ nínú ọgbọ́n ọnà Yorùbá. “Àwòrán” bá ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ìwé mu jù. “Bèbí” tàbí “ohun ìṣeré” sọ ohun tí ọmọ ń fi í ṣe, kò sọ ohun tí ó jẹ́. Àwòṣe ni ohun tí wọ́n wo nǹkan mìíràn ṣe, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sì dín kù ní ọgbọọgba. Ibì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yìí kùnà ni ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ilé, tí wọ́n máa ń fi páálí ṣe ilé kékeré kí ilé ńlá tó wà. Wọn kò tí ì ní ohun tí wọn yóò wò. Fún ìyẹn, “àpẹẹrẹ” sàn jù.

Ìdá àti ìlọ́po

Lára àpótí náà ni wọ́n kọ 1/24 sí. “Ìwọ̀n” nìkan kò tó láti túmọ̀ ohun tí èyí dúró fún, nítorí pé ìwọ̀n lè jẹ́ gígùn, wíwúwo tàbí agbára ooru. “Ìwọ̀n-ìfiwé” ṣe kedere jù, ó sì bá máàpù inú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì mu pẹ̀lú. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíláàsì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àwòṣe 1/72 tóbi ju ti 1/24 lọ, nítorí pé 72 ju 24 lọ. Bí olùtumọ̀ bá lọ kọ “ìlọ́po 72” sílẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ àṣìṣe náà múlẹ̀ nìyẹn. Ìdá ni kí ó kọ. Ẹni tí ó bá ti rí i tí wọ́n pín iṣu kan fún ènìyàn 24, tí wọ́n sì pín irú rẹ̀ fún ènìyàn 72, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ègé kékeré wà.

Láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó apá kejì, Hurricane gidi jẹ́ mítà 12.19. Ìdá 24 rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50.8, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìdá 72 rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 17. Awakọ̀ tí ó ga ní mítà 1.8 yóò di sẹ̀ǹtímítà 7.5 nínú èyí ńlá, yóò sì di 2.5 nínú èyí kékeré.

Gígùn nìkan ni ó dín kù sí ìdá 24. Ojú ara ọkọ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀dà yóò kàn, dín kù sí ìdá 576, tí í ṣe 24 lọ́nà 24. Ohun tí inú rẹ̀ lè gbà dín kù sí ìdá 13,824. Bí àgbá kan bá ń gba lítà 13,824, àwòṣe rẹ̀ ní ìdá 24 yóò gba lítà kan péré. Kò sí ọ̀nà tí ó rọrùn jù èyí lọ láti fi ìyàtọ̀ láàrin gígùn, ojú àti inú ohun han akẹ́kọ̀ọ́.

Ìwọ̀n-ìfiwé náà ni ó ń tú àṣírí ike. Bí etí apá àwòṣe bá nípọn ní mìlímítà kan, ó ń sọ pé ti ọkọ̀ gidi nípọn ní mìlímítà 24, irọ́ sì ni: awọ irin tí wọ́n fi bo apá Hurricane tinrin púpọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀jáfáfá fi máa ń fi sáńpépà ha etí apá láti inú títí yóò fi fẹ́lẹ́. “Awọ” yẹ kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí fún ìbora yìí, yálà ti irin ni tàbí ti aṣọ, nítorí pé aṣọ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà líle ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn Hurricane, lórí egungun irin àti igi.

Dídà ike

Ike tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe ni polystyrene. Òun kan náà ni wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú kí ó tó di fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ ń bu oúnjẹ sí, èyí tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè ní oṣù kìíní ọdún 2024 nítorí bí ó ti ń dí ojú gọ́tà. Nínú àwòṣe kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, ó sì le. Wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bí 200 sí 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù irin, omi tútù á sì mú kí ó dì ní kíákíá.

Yorùbá mọ dídà tipẹ́. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n fi ìda ṣe lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n fi amọ̀ bò, tí wọ́n sì mú iná kí ìda náà yọ́ jáde kí wọ́n tó da idẹ sí ipò rẹ̀. Nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ amọ̀ kí iṣẹ́ tó jáde, ọ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ kan ń mú wá. Mọ́ọ̀dù irin ń là sí méjì, ó sì ń padé, ó lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde láìyàtọ̀. “Mọ́ọ̀dù” ni àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń pe tiwọn. Kò sí ìdí láti fi ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Kí àwọn atẹ̀wé sì ṣọ́ra fún àmì ohùn: ìdá ni ìpín, ìda ni ohun tí ó wà nínú afárá oyin, idà ni ohun ìjà. Gbogbo wọn lè bá ara wọn pàdé nínú ojú ìwé kan nípa iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí ike bá jáde, àwọn ẹ̀yà máa ń so mọ́ ọ̀pá ike bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. “Ẹ̀ka-ìsomọ́” bá ọ̀pá yìí mu. Ọ̀bẹ mímú ni kí wọ́n fi gé ẹ̀yà kúrò lára rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ já a. Ẹ̀yà tí ó bá wọ́ ṣeé tọ́ nínú omi gbígbóná, nítorí pé polystyrene ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 100 Celsius.

Lílẹ̀ tàbí jíjó pọ̀

Ibí yìí ni ìtumọ̀ tí kò péye ti lè ṣe ìpalára. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pépà tàbí pákó máa ń dúró láàrin ohun méjì, ó sì ń di méjèèjì mú. Bí ó bá pọ̀ díẹ̀, kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń so ike àwòṣe kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà olómi ni, irú bí acetone tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ó ń mú kí ojú ike méjèèjì yọ́, kí wọ́n wọ inú ara wọn. Bí kẹ́míkà náà bá sì ti fẹ́ lọ tán, ike kan ṣoṣo ni ó kù. Iṣẹ́ wẹ́dà ni ó jọ, kò jọ iṣẹ́ ẹni tí ń lẹ ìwé. Bí ìwé ìtọ́nà bá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ “fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́”, yóò fi í púpọ̀, apá ọkọ̀ yóò sì yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. “Jó pọ̀” ni ó tọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi “láìlo iná” kún un, nítorí pé kẹ́míkà yìí tètè ń gbaná. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Ojú fèrèsé tí ó ṣí ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí ẹ̀fọn.

“Yọ́” pàápàá fẹ́ ìpínyà. Òrí àmọ́ ń yọ́ nínú oòrùn, iyọ̀ ń yọ́ nínú omi. Ooru ni ó ṣe ti àkọ́kọ́, olómi ni ó ṣe ti èkejì, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò sì lè dà wọ́n pọ̀. “Yọ́ nípa ooru” àti “yọ́ sínú olómi” gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Irú ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun: nígbà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní 1970, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ fún.

Títò àti kíkùn

Títò ń bẹ̀rẹ̀ láti inú bọ̀ síta. Ibùjókòó awakọ̀, ọ̀pá ìdarí àti àwọn aago òṣùwọ̀n iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń kùn ní ọ̀dà kí wọ́n tó pa àgọ́ ara ọkọ̀ dé, nítorí pé ọwọ́ kò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ẹ́ńjìnnì Merlin tí ó ní sìlíńdà 12, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Rọ́bà àti pẹ́gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ ti tó láti di ìlàjì méjèèjì mú títí wọn yóò fi gan. Àlàfo tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń dí, tí wọ́n sì ń ha, gẹ́gẹ́ bí àwọn panẹbítà ti ń ṣe ara mọ́tò.

Hurricane tí wọ́n lò ní aṣálẹ̀ ní asẹ́ atẹ́gùn lábẹ́ imú rẹ̀, kí iyanrìn má baà wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ń ṣe àwòṣe ọkọ̀ tí ó gba Takoradi kọjá kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ọ̀dà ìfarapamọ́ ti aṣálẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ iyanrìn lókè, àwọ̀ ojú ọ̀run lábẹ́. Ọ̀dà kò fẹ́ràn ọyẹ́, nítorí eruku rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó gbẹ, àtipé ike tí wọ́n bá nù ní aṣọ gbígbẹ tún máa ń fa eruku mọ́ra. Aṣọ ọ̀rinrin ni kí wọ́n fi nù ún.

Àwọn àmì róbótó pupa, funfun àti búlúù ni ó ń kẹ́yìn. Wọ́n ń rẹ bébà wọn sínú omi, awọ tín-ín-rín tí ó ní àwòrán á sì yọ̀ kúrò lórí bébà bọ́ sórí apá. “Àmì-ayọ̀lómi” lè ṣe orúkọ fún wọn, bí kò tilẹ̀ dùn létí púpọ̀. “Sítíkà” kò tọ́, nítorí pé sítíkà ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ó sì nípọn ju èyí tí ìdá 24 lè gbà lọ.