Ohun Tí Ń Bẹ Nínú Àpò Yúríà Kan

 

Àwọn òbí a máa bi wá pé, àǹfààní wo ni ìṣirò kẹ́místrì ní fún ọmọ tí yóò padà sí oko àgbàdo ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Àpò ajílẹ̀ tí ẹ ń fi owó gọbọi rà ni a ó fi dáhùn.

A kọ 46 sí ara àpò yúríà. Inú fọ́múlà rẹ̀ ni iye yìí ti wá: CO(NH₂)₂. Fọ́múlà ni ó ń sọ irú átọ́mù tí ó wà nínú nǹkan àti iye wọn. Átọ́mù kéré ju ohun tí a lè gbé sórí ìwọ̀n lọ. Nítorí náà, fífi ọ̀kan wé èkejì ni àwọn onímọ̀ ń ṣe. Láti 1961 ni wọ́n ti fi oríṣi kábọ̀nù kan ṣe òṣùwọ̀n, tí wọ́n kà á sí 12. Bí a bá fi wọ́n wé e, háídírójìn jẹ́ nǹkan bí 1, náítírójìn 14, ọ́síjìn 16.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Kábọ̀nù kan, 12. Ọ́síjìn kan, 16. Àpapọ̀ wọn, 28. Nínú àkámọ́, náítírójìn kan àti háídírójìn méjì jẹ́ 16. Nọ́ńbà 2 tí ó wà lẹ́yìn àkámọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 32. 28 àti 32 jẹ́ 60. Èyí ni ìwọ̀n fọ́múlà yúríà.

Náítírójìn méjì jẹ́ 28 nínú 60 yìí, èyí tí ó lé díẹ̀ ní 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, nǹkan bí 23 kg náítírójìn, oúnjẹ tí ń mú ewé àgbàdo dúdú minimini, ni ó wà nínú àpò 50 kg. Àpò NPK 15-15-15 tí ó wúwo bákan náà ní 7.5 kg péré, bí ó tilẹ̀ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀tásíọ̀mù tí yúríà kò ní.

Nọ́ńbà 2 ẹ̀yìn àkámọ́ ni àwọn ọmọ wa sábà máa ń gbàgbé. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ yóò rí 44 dípò 60, yóò sì ka náítírójìn inú àpò sí nǹkan bí 16 kg. Yóò rò pé ajílẹ̀ kò tó, yóò tún da òmíràn kún un, owó yóò sì ṣòfò.

Ìwé Mímọ́ kìlọ̀ fún wa nípa òṣùwọ̀n èké. Àìfarabalẹ̀ ṣírò náà lè bí i. Nígbà tí ọmọ yín bá wá fún ìsinmi, ẹ gbé àpò náà síwájú rẹ̀, kí ó sọ fún yín bí 46 ṣe jẹ́.