Ọ̀sẹ̀ Méjì Tó Kẹ́yìn Ìsinmi

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àjọ NCDC tó ń rí sí ìdènà àrùn kéde pé èèyàn 1,145 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iye ọjọ́ kan kò tíì wọ ẹgbẹ̀rún rí ṣáájú ìgbà náà. Lọ́jọ́ kejì, ìpínlẹ̀ Èkó ti ilé ìwé pa. Nígbà tó di ọjọ́ 21, ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé ìwé gbogbo wà ní títì títí di ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2021, ó kéré tán. Ọkàn ọ̀pọ̀ òbí balẹ̀ pé bí ilé ìwé bá ti tì, ewu ti fo ọmọ wọn dá. Èrò mi yàtọ̀ sí tiwọn. Inú ilé wa, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ìsinmi, ni a ti ń pinnu bóyá ilé ìwé yóò wà láìséwu lọ́jọ́ ìwọlé.

Bí àrùn náà ṣe ń ṣe ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó o lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá kó tó hàn lára rẹ̀, tọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Kó tó rẹ̀ ẹ́ ní bí ọjọ́ méjì ló ti lè máa kó o ran ẹlòmíràn, àwọn ọmọ míì sì wà tí kò ní rẹ̀ wọ́n rárá. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná ara tí wọ́n ń nà síwájú orí ọmọ lẹ́nu géètì nígbà náà kò lè rí irú wọn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣàìsàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 nílé ìwé aládàáni kan ní Lẹ́kí, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ 441 ni ìjọba yẹ̀ wò. Èèyàn 181 ló ní in lára wọn, ìyẹn bí méjì nínú márùn-ún.

Ẹ wá wo kàlẹ́ńdà oṣù Kìíní ọdún 2021. Láti ọjọ́ ọdún tuntun sí ọjọ́ 18 jẹ́ ọjọ́ 17, nítorí náà ẹni tó bá kó àrùn níbi àìsùn ọdún, tó sì máa rẹ̀ ẹ́, yóò ti mọ̀ kí ilé ìwé tó wọlé. Àmọ́ ọdún tiwa kì í parí lọ́jọ́ kìíní. Ìgbéyàwó ń bẹ, òkú àgbà ń bẹ, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ń bẹ. Bí ọmọ kan bá lọ síbi ìnáwó ní Sátidé ọjọ́ 16, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì kó àrùn níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti máa tàn án ní kíláàsì lọ́jọ́ Túsìdé, kí ara rẹ̀ sì le koko títí di Tọ́sìdé. Ìnáwó kan náà, bó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsinmi, ó ṣeé ṣe kó má kan kíláàsì rárá.

Ọyẹ́ tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ìsinmi Kérésì wa ń bọ́ sí àsìkò tí ètè ń bó, tí ọ̀fun ń gbẹ, tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ń gba ilé kan. Ọmọ húkọ́, ìyá á ní ọyẹ́ ni, á fi òrí pa á láyà. Ara rẹ̀ gbóná, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á gbé àgbo kaná. Lọ́pọ̀ ìgbà, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè ya ikọ́ ọyẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ikọ́ Kòrónà. Eruku ọyẹ́ yìí kan náà ló ń mú wa ti fèrèsé pa, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde wà lára ààbò tó dára jù lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣí fèrèsé kíláàsì, kí wọ́n fi àkísà tútù nu eruku orí àga. Ọmọ tó bá sì ń húkọ́ lọ́sẹ̀ ìwọlé, kó jókòó sílé títí yóò fi gbádùn, ìbáà ṣe ọyẹ́ ló fà á.

Àwọn kan á ní àrùn yìí kì í sábà pa ọmọdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé nìkan kọ́ ló wà nílé ìwé. Olùkọ́ tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀, ìyá olóúnjẹ wà níbẹ̀, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wà níbẹ̀, ìyá àgbà sì ń dúró de ọmọ nílé. Àwọn mìíràn á ní kí ìjọba kúkú fi kún ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti pàdánù ẹ̀kọ́ tó pọ̀ nígbà tí ilé ìwé tì láti oṣù Kẹta ọdún 2020. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì ìpamọ́ra lè ṣe iṣẹ́ náà.

Àtakò tó wúwo jù lọ́dọ̀ mi ni ti ìyá tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, tó gbọ́dọ̀ kó wọn lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó ní kó ti wọn mọ́lé. Ìta gbangba ọjà kò léwu tó gbọ̀ngàn tí wọ́n tì pa. Kí wọ́n wọ ìbòmú, kí wọ́n sì fi ìnáwó sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsinmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé ara ọmọ òun gbóná bó bá mọ̀ pé owó ilé ìwé tí òun ti san yóò ṣòfò, tàbí pé ọmọ yóò gba òdo nínú ìdánwò tí kò ṣe. Ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé lèyí wà. Kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ó ti kọ̀wé sí àwọn òbí pé ọmọ tó bá ṣàìsàn yóò tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, pé wọn kò ní dárúkọ rẹ̀ lórí ìlà, kí ó sì kọ nọ́ńbà fóònù olùkọ́ kan tí wọ́n lè pè sísàlẹ̀ ìwé náà.