Gáàsì Àbàtà Nínú Afẹ́fẹ́ Ìlú Ńlá, àti Bí A Ti Í Mọ Ibi Tí Ó Ti Wá

Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀pá ro ìsàlẹ̀ àbàtà rí yóò ti rí i pé ohun kan bí afẹ́fẹ́ a máa hó jáde láti inú ẹrẹ̀, a sì máa bẹ́ lójú omi. Ní ọdún 1776, Alessandro Volta, ọlọ́gbọ́n kan ní ilẹ̀ Ítálì, gbà á sínú ìgò ní adágún Maggiore, ó fi iná kàn án, ó sì jó. Mẹ́téènì ni à ń pè é nísinsìnyí. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn burúkú tí àwọn ará ìlú ńlá mọ̀ mọ́ gáàsì ìdáná, àwọn tí ń tà á ni wọ́n fi sí i, kí imú lè kìlọ̀ fún onílé kí iná tó ṣọṣẹ́.

Ibikíbi tí ewé, ìgbẹ́ tàbí oúnjẹ bá ti ń jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń jáde láti inú oko ìrẹsì tí omi bò mọ́lẹ̀, láti inú àkìtàn ńlá, láti inú kòtò ẹ̀gbin, àti láti ara màlúù nígbà tí ó bá ń gùnfẹ̀. Ẹnu ni ti màlúù ti ń jáde jù, kì í ṣe ìdí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó ti pẹ́ nínú àpáta ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí epo rọ̀bì wà. Èyí ni àwọn ènìyàn ń wà jáde, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbà kọjá lábẹ́ títì ìlú, fún ìdáná àti fún mímú ilé gbóná ní ilẹ̀ òtútù.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti iná nìkan. Mẹ́téènì a máa há ooru mọ́ ayé, kì í jẹ́ kí ó fò lọ sókè. Láàárín 20 ọdún, tọ́ọ̀nù 1 rẹ̀ a máa mú ayé gbóná ju 80 tọ́ọ̀nù gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ń bá èéfín iná jáde lọ. Ṣáájú ọdún 1750, nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́, tirẹ̀ kò pé 1. Nísinsìnyí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2. Síbẹ̀ kì í pẹ́ lójú ọ̀run: ní nǹkan bí ọdún 10, púpọ̀ nínú rẹ̀ a ti yí padà di ohun mìíràn. Nítorí náà ẹni tí ó bá dí orísun rẹ̀ lónìí lè rí èrè iṣẹ́ náà kí ó tó darúgbó.

Orísun wo ni kí a dí? Nínú afẹ́fẹ́ ìlú gbogbo wọn ti dàpọ̀, ìlú tí ó bá sì ń tún ọ̀pá ṣe nígbà tí ó jẹ́ pé àkìtàn ni ó ń tú gáàsì jáde, owó rẹ̀ ni ó ń fọ́n dànù. Àmì méjì ni a fi í mọ̀ ọ́n. Ti èkíní ni ti alábàárìn. Bí a bá rí ipasẹ̀ ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipasẹ̀ ènìyàn lọ́nà oko, a ó sọ pé ọdẹ ni ó kọjá. Gáàsì inú ọ̀pá ní alábàárìn bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní étéènì. Ti àbàtà, ti màlúù àti ti àkìtàn kò ní i. Àmì kejì ni ìwúwo. Kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú mẹ́téènì pín sí oríṣi méjì, ọ̀kan fúyẹ́, èkejì wúwo díẹ̀ jù ú lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa yan èyí tí ó fúyẹ́, nítorí náà mẹ́téènì tiwọn fúyẹ́ ju èyí tí ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sè lọ.

Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú ọkọ̀, wọ́n sì wà á yí gbogbo títì ìlú ká, máìlì 785. Ìròyìn wọn tí ó jáde ní ọdún 2013 sọ pé ibi 3,356 ni gáàsì ti ń jò. Ìwúwo rẹ̀ bá ti inú ọ̀pá mu, kò bá ti àkìtàn tàbí ti àbàtà mu, ó sì pọ̀ jù níbi tí àwọn ògbólógbòó ọ̀pá irin wà.

Àwọn mìíràn gbé ẹ̀rọ sókè ilé gíga láàárín ìlú náà, wọ́n sì gbé òmíràn sí ẹ̀yìn odi, kí wọn lè mọ ohun tí atẹ́gùn ti gbé wá kí ó tó wọ ìlú. Láti oṣù September 2012 di August 2013 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Étéènì fi hàn pé, gẹ́gẹ́ bí ìgbà ọdún ti rí, nǹkan bí 60 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́téènì tí ìlú fi kún afẹ́fẹ́ ni ó jẹ́ ti gáàsì ìdáná. Nínú 100 ìwọ̀n gáàsì tí à ń gbé wá sí àgbègbè náà, nǹkan bí 2.7 ni ó ń ṣòfò, owó rẹ̀ sì ń bọ́ sọ́rùn àwọn tí ń rà á. Àwọn tí wọ́n wọn ihò 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2016, rí i pé 7 péré nínú wọn ni ó ń tú ìdajì gbogbo rẹ̀ jáde. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún ẹni tí owó àtúnṣe rẹ̀ kò pọ̀.

Síbẹ̀ wíwọ̀n láti ọdún 2012 títí di 2020 kò fi hàn pé òfò náà dínkù, bí wọ́n tilẹ̀ ń tún ọ̀pá ṣe. Èyí mú kí a máa wo inú ilé pẹ̀lú. Ní ọdún 2022 ìròyìn jáde nípa ilé 53 ní California, níbi tí a ti wọn àwọn ààrò gáàsì: ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mẹ́téènì wọn lọ tí ń jáde nígbà tí ààrò wà ní pípa, tí alásè sì ti lọ sùn.