Fífi Git tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Git jẹ́ irinṣẹ́ tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń pa àkọsílẹ̀ àyípadà inú iṣẹ́ wọn mọ́. Linus Torvalds ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọdún 2005. Ní Ìwáyà, nítòsí Yunifásítì ìlú Èkó, níbi tí iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì ti lè lọ nígbàkígbà, àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: git commit kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Lẹ́yìn tí a bá ti fi git add yan fáìlì, orí kọ̀ǹpútà ẹni gan-an ni ó ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà náà, àkọsílẹ̀ bá a lọ nìyẹn, àyàfi bí a bá ti fi git push fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn.