Ìdásílẹ̀ Òwò Ohun Èlò Ìtọ́jú Eyín ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwọn àgbà ní eyín funfun ni ẹ̀yẹ ẹ̀rín. Láyé àtijọ́, orín ata ni a fi ń tọ́jú ẹ̀yẹ náà. Lónìí, oníṣègùn eyín kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí erìgì mọ ìrora, àti ohun tí a fi ń dí ihò eyín. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ohun tí ń gbé òwò títa wọn ró ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, àti ohun tí ń bì í ṣubú.

Ibi tí ọjà wà ni àǹfààní kìn-ín-ní. Pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà, títì márosẹ̀ sì ti Òṣòdì gba Ìsọlọ̀ kọjá lọ sí èbúté Àpápá. Láti Òṣòdì, ẹrù lè bá ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ kan náà.

Òfin ni ó tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1993 tí ìjọba ti dá àjọ NAFDAC sílẹ̀, kò tọ́ kí a kó oògùn wọlé tàbí kí a tà á láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì àjọ náà wà ní Ìsọlọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìtòsí ọ́fíìsì kò dín owó àti àkókò ìforúkọsílẹ̀ kù. Nítorí náà, ó sàn kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kọ́kọ́ máa ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tí ó ti forúkọ tiwọn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwà ọjà náà. Lidocaine tí a po adrenaline mọ́ kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀. A kì í sábà jẹ́ kí ibi tí ó wà gbóná ju 25°C lọ. Bí iná mànàmáná bá lọ tí yàrá sì gbóná, ìgò lè má yí padà lójú, ṣùgbọ́n agbára oògùn lè dín kù. Aláìsàn tí a ń yọ eyín rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ni kí a kọ́kọ́ tà.

Ṣùgbọ́n àwìn ni ó léwu jù. Bí náírà bá dúró, ìdádúró owó kò ju ìnira lọ. Bí náírà bá já, ó di àdánù. A rí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, nígbà tí dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ kọjá náírà mẹ́rin. A tún rí i láìpẹ́ yìí: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní ọjà ìjọba, kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti ju ₦1,400 lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí oníṣòwò kan bá ra ẹrù $1,000 ní ₦460,000, tí ó sì tà á láwìn ní ₦600,000, ìwé rẹ̀ yóò fi èrè ₦140,000 hàn. Bí owó náà bá wọlé nígbà tí dọ́là ti di ₦1,400, gbogbo rẹ̀ kò lè ra ẹrù $430. Èrè wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì ọjà lọ tí ó ti pòórá.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé iye tí a ó fi ra òmíràn ni kí a fi díwọ̀n iye tí a ó tà, kì í ṣe iye tí a rà á. Kí àwìn má pẹ́, kí ọjọ́ ìsanwó sì wà lákọsílẹ̀. Kí a fi ohun tí oníṣègùn ń lò lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀, bí ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, kí a tó fi owó de ẹ̀rọ ńlá. Oníṣòwò tí kò lè ra ọjà rẹ̀ padà kò tíì jèrè, bí ó ti wù kí ọjà rẹ̀ yá tó.