Ọlọ́wọ́ Òsì Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù ní Accra

Ní ìlú Accra, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ tí a kọ́ fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Òun ni a fi ń jẹun, òun ni a fi ń kí ènìyàn, òun náà ni a sì fi ń san owó lọ́jà. Àwọn Akan a máa pa á lówe pé ènìyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Yorùbá náà ń pa òwe yìí kan náà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀kan yá a lọ́wọ́ èkejì. Bí ẹrù bá kún ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì di dandan kí a fi òsì na nǹkan sí ẹlòmíràn, a ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Nítorí náà, bí a bá rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù ní Accra ni ó ń gbá a láti apá ọ̀tún, ó rọrùn láti di ẹ̀bi rẹ̀ ru àṣà. Ẹ̀bi náà kò tọ́ sí àṣà.

Àṣà yìí ní ààlà, àwọn tí ń pa á mọ́ sì mọ ibi tí ààlà náà wà. Ohun tí ó lòdì sí ni kí a fi ọwọ́ òsì nìkan fún ènìyàn ní nǹkan, tàbí kí a fi í jẹun, tàbí kí a fi í nàka sí ilé onílé. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe. Kò sí ẹni tí ń bi ẹni tí ń gún fùfú léèrè pé èwo nínú ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà lókè lára ọmọ odó. Nínú ètò ogun àtijọ́ pàápàá, òsì ní ọlá tirẹ̀: àwọn Akan ní Benkumhene, ìjòyè tí ń ṣe olórí apá òsì, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàn ti ní Òsì Balógun. Ọwọ́ méjèèjì ni a sì fi ń di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú.

Ibi tí àṣà ti fi ara hàn lórí pápá ni àárín ìgbà tí a gbá bọ́ọ̀lù kan àti ìgbà tí a ó gbá òmíràn. Ní 2001, àwọn onímọ̀ méjì, Sotaro Kita àti James Essegbey, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn Ewe ní Ghana ti ń júwe ọ̀nà. Wọ́n rí i pé bí ọ̀nà tilẹ̀ yà sí òsì, ènìyàn a máa na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà láti fi júwe rẹ̀, a sì máa ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní ṣe kàyéfì bí kádì, èyíinì ni ẹni tí ń ru àpò ọ̀pá, bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ihò tí ó wà ní apá òsì. Ìbọ̀wọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹni tí ń gbá láti apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ó ń wọ ìbọ̀wọ́ sí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣófo láti kí ènìyàn. Ẹni tí ń gbá láti apá òsì, ọwọ́ ọ̀tún gan-an ni ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà. Bí àgbà bá dé, ó ní láti bọ́ ọ kí ó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Eré mẹ́ta ni ó wà ní Accra tí a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú pólò, tí a ń gbá lórí ẹṣin, òfin kò gba ọwọ́ òsì rárá, kí àwọn ẹlẹ́ṣin méjì tí ń sáré bọ̀ wá pàdé ara wọn má baà kọlu ara wọn. Nínú họ́kì, tí pápá ńlá rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Theodosia Okoh, ìyá tí ó ya àsíá tí Ghana gbé sókè ní 1957, apá òsì nìkan ni ojú pẹrẹsẹ ọ̀pá wà, òfin kò sì gbà kí a lo èyí tí a ṣe ní òdìkejì. Ti gọ́ọ̀fù yàtọ̀. Ẹni tí ó bá wọ pápá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Achimota, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1934, lè dúró sí apá tí ó bá wù ú, òfin kò ní bi í léèrè ìdí.

Kí ni ó wá ń dènà? Ọ̀pá ni. Orí ọ̀pá gọ́ọ̀fù ní ojú kan ṣoṣo, ojú náà sì dàgẹ̀rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè fò sókè. Bí ẹni tí ń gbá láti apá òsì bá mú ọ̀pá ti apá ọ̀tún, ẹ̀yìn irin ni yóò fi pàdé bọ́ọ̀lù. Òfin gba ọ̀pá mẹ́rìnlá láyè nínú àpò kan, gbogbo wọn ni a sì ní láti ṣe lọ́tọ̀ fún un. Àwọn tí ń ṣe ọ̀pá ń ṣe tirẹ̀ níwọ̀nba, àwọn tí ń tà á kì í sì í kó púpọ̀ pamọ́. Ẹni tí ó lówó yóò ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ gọ́ọ̀fù gbá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nídìí iṣẹ́ kádì ni wọ́n ti kọ́ ọ, ọ̀pá àlòkù tí ọ̀gá kan fi sílẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ọ̀pá àlòkù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ti apá ọ̀tún nígbà gbogbo. Nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́wàá láyé ni ó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé orí pápá, kí ó yí padà tàbí kí ó padà sílé ni ó kù fún un.

Ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ apá òsì di olókìkí fi hàn bí agbára ọ̀pá tí ó wà nílẹ̀ ti pọ̀ tó. Ní 1963, Bob Charles, ọmọ New Zealand, gba ìdíje Open ti Britain ní Royal Lytham and St Annes. Kò sí ẹni tí ń gbá láti apá òsì tí ó ti gba ìdíje ńlá kankan ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, Bob Charles kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ kan ṣe. Baba àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbá láti apá òsì, ọ̀pá tí ọmọ náà bá nílé ni ó sì mú.

Òun nìkan kọ́. Phil Mickelson, ará Amẹ́ríkà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ó dúró kọjú sí baba rẹ̀ ní kékeré, ó sì ń ṣe bí ẹni tí ń wo dígí. Mike Weir, ará Kánádà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni òun náà. Họ́kì orí yìnyín ni ó mú apá òsì mọ́ ọn lára. Nínú ìdíje Masters méjìlá, láti 2003 títí dé 2014, mẹ́fà ni àwọn tí ń gbá láti apá òsì gbà: Weir gba ọ̀kan, Mickelson gba mẹ́ta, Bubba Watson gba méjì. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, Watson nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì tòótọ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ń gbá láti apá òsì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó wà lókè lórí ọ̀pá, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì gbà pé ọwọ́ òkè ni amọ̀nà. Nítorí náà, ọmọ ọlọ́wọ́ òsì tí a yí padà ní Accra lè jèrè ohun tí kò bèèrè, nítorí ọwọ́ tí ó lágbára jù ni yóò máa darí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara ni ó gba ìyípadà. Nígbà tí Weir wà ní ọmọdé, ó kọ̀wé sí Jack Nicklaus láti bi í bóyá kí òun yí sí apá ọ̀tún. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó dúró sí apá tí ó bá a lára mu.

Ọmọ Accra tí kò rí ẹni kọ̀wé sí kò nílò ọ̀pá mẹ́rìnlá kí a tó mọ apá tirẹ̀. Ẹyọ kan, ìyẹn ọ̀pá onírin nọ́mbà 7 ti apá òsì, tó fún ẹgbẹ́ láti fi dán ọmọ bí ogún wò. Kí a má fi ọwọ́ tí ó fi ń kọ̀wé ṣe ìdájọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí tíṣà ti yí ìyẹn padà tipẹ́. Kí a gbé àáké àti ìtì igi fún un, kí a sì wo èjìká tí yóò gbé àáké náà gbà.